Ta Ni "Àwa"? Ohun Tí Ìlú Libreville Lè Kọ́ Ìdílé Wa

Tẹ́ ẹ bá wọ ọjà Mont-Bouët nílùú Libreville, olú ìlú orílẹ̀-èdè Gabon, ẹ máa rí ohun kan tó dúdú, tí wọ́n mọ bí ọṣẹ, lórí àtẹ àwọn ìyá tó ń ta èlò ọbẹ̀. Odika ni wọ́n ń pè é. Tẹ́ ẹ bá gbóòórùn ẹ̀, ẹ lè rò pé ṣokoléètì ni. Àmọ́ kì í ṣe àjèjì sí wa. Kóró èso òro ni, ìyẹn ohun tí àwa Yorùbá ń pè ní àpọ̀n, tí àwọn míì mọ̀ sí ọgbọnọ. Nílé tiwa, a máa ń lọ̀ ọ́, a ó sì fi se ọbẹ̀ tó ń yọ̀, tí òkèlè á fi gba ọ̀nà ọ̀fun lọ wẹ́rẹ́. Ní Gabon, wọ́n máa ń yan án kí wọ́n tó lọ̀ ọ́, wọ́n á mọ ọ́n, tí wọ́n bá sì fẹ́ se ẹja gbígbẹ tàbí adìyẹ, wọ́n á rún díẹ̀ sínú ìkòkò. Igi kan náà, kóró kan náà, ọbẹ̀ méjì tí kò jọra.

Kò tán síbẹ̀. Ẹ̀gẹ́ tí àwa fi ń ṣe gààrí, láfún àti fùfú, ìdí rẹ̀ nìkan là ń wá. Ààtàn là ń da ewé rẹ̀ sí. Ní Libreville, ewé ẹ̀gẹ́ jẹ́ ọbẹ̀ gidi tí wọ́n ń gbé síwájú àlejò. Ọmọ Yorùbá tó bá kọ́kọ́ rí i lè fajú ro. Ọmọ Gabon tó bá kọ́kọ́ rí àmàlà dúdú wa náà lè fajú ro.

Kò sí ọmọ tí wọ́n bí pẹ̀lú ìfẹ́ odika tàbí ìfẹ́ àpọ̀n lẹ́nu. Àwọn tó bọ́ sí àárín wọn ló kọ́ ọ ní ohun tó dùn àti ohun tí kò dùn. Tó bá jẹ́ pé ìdí oúnjẹ nìkan lọ̀rọ̀ náà parí sí, ọ̀rọ̀ ẹ̀rín ni ì bá jẹ́. Àmọ́ bí àwùjọ ṣe ń kọ́ wa ní ohun tá a máa jẹ ló ṣe ń kọ́ wa ní ẹni tá a máa fọkàn tán, ẹni tá a máa fẹ́, ẹni tá a máa bẹ̀rù, àti ẹni tá a lè fìyà jẹ láìjẹ́ pé ọkàn wa dá wa lẹ́bi.

Ìdí nìyẹn tá a fi fẹ́ ká jọ wo ìlú Libreville. Ọmọ Yorùbá láti Nàìjíríà àti láti Benin wà níbẹ̀ tí wọ́n ń ṣòwò, tí wọ́n sì ń tọ́mọ. Ìtàn ìlú náà sì jẹ́ ká rí ohun méjì kedere: èèyàn lè kọ́ "àwa" tuntun níbi tí kò ti sí rárá, "àwa" yẹn sì lè gba ẹ̀mí là, ó sì lè gba ẹ̀mí.

Ìlú Tí Ọkọ̀ Kan Bí

Kí ìlú tó ń jẹ́ Libreville tó wà, àwọn Mpongwe ló ni ilẹ̀ etí omi yẹn. Oníṣòwò paraku ni wọ́n. Àárín àwọn tó ń kó ọjà bọ̀ láti inú igbó àti àwọn òyìnbó tó ń gba ojú òkun bọ̀ ni wọ́n dúró sí. Lọ́dún 1839, ọ̀kan lára àwọn ọba wọn, tí àwọn òyìnbó ń pè ní Ọba Denis, tọwọ́ bọ̀wé àdéhùn pẹ̀lú Bouët-Willaumez, ọ̀gá kan nínú àwọn ọmọ ogun ojú omi ilẹ̀ Faransé. Lọ́dún 1843, àwọn Faransé kọ́ odi sétí omi náà.

Nígbà tó di ọdún 1846, ọkọ̀ ogun Faransé mú ọkọ̀ kan tó ń jẹ́ Elizia lójú òkun. Ẹrú ló kó, bẹ́ẹ̀ wọ́n ti fòfin de kíkó ẹrú gba orí òkun. Wọ́n kọ́kọ́ kó àwọn tó wà nínú ẹ̀ lọ sí Senegal. Lọ́dún 1849, wọ́n kó èèyàn 52 lára wọn wá sétí omi Gabon, wọ́n fún wọn nílẹ̀, wọ́n sì sọ ibẹ̀ ní Libreville, ìyẹn Ìlú Òmìnira.

Ẹ fojú inú wo àwọn èèyàn 52 yẹn. Kálukú ló nílé bàbá tiẹ̀, kálukú ló ní orúkọ tí ìyá ẹ̀ fi ń pè é. Nínú ọkọ̀ ẹrú, ẹrù ni gbogbo wọn lójú ẹni tó ni ọkọ̀. Nígbà tí wọ́n gúnlẹ̀, kò sí mọ̀lẹ́bí kankan tó ń dúró dè wọ́n. Ara wọn nìkan ni wọ́n ní. Ohun tí wọ́n sì fi bẹ̀rẹ̀ ìlú nìyẹn.

Irú ìtàn yìí kò ṣàjèjì sí Yorùbá. Kí Libreville tó wà, Freetown ti wà ní Sàró, òun náà sì túmọ̀ sí Ìlú Òmìnira. Ibẹ̀ ni ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì máa ń kó àwọn tí wọ́n bá gbà lọ́wọ́ àwọn oníṣòwò ẹrú lọ. Ọ̀kan lára wọn ni Samuel Àjàyí Crowther. Ọdún 1821 ni wọ́n kó o lẹ́rú ní Òṣogùn. Lọ́dún 1822, ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì mú ọkọ̀ ẹrú tó wà nínú ẹ̀, wọ́n sì gbé e lọ sí Freetown.

Níbẹ̀, ará Ọ̀yọ́, ará Ẹ̀gbá, ará Ìjẹ̀bú àti ará Ìjẹ̀ṣà bá ara wọn pàdé. Nílé, ìlú ẹni lèèyàn fi ń pe ara ẹ̀, ọ̀pọ̀ ìlú yìí ló sì ń gbógun ti ara wọn nígbà yẹn. Àmọ́ ní Freetown, àwọn tó yí wọn ká kò mọ Ẹ̀gbá yàtọ̀ sí Ọ̀yọ́. Ohun tí wọ́n ń gbọ́ lẹ́nu gbogbo wọn ni "ẹ kú": ẹ kú àárọ̀, ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ìnáwó. Ni wọ́n bá ń pè wọ́n ní Akú. Orúkọ náà Yorùbá pàápàá, àwọn Ọ̀yọ́ ló kọ́kọ́ wà fún. Crowther, tó gbé ìwé atúmọ̀ ọ̀rọ̀ Yorùbá jáde lọ́dún 1843, wà lára àwọn tó jẹ́ kí orúkọ náà kárí gbogbo wa.

Kí la rí kọ́ níbẹ̀? Èdè wa àti ìtàn Ilé-Ifẹ̀ ti wà tipẹ́tipẹ́. Àmọ́ kí Ẹ̀gbá àti Ìjẹ̀ṣà jọ máa sọ pé "àwa Yorùbá," àjò wà lára ohun tó kọ́ wa. Ojú tí àwọn ẹlòmíì fi wò wá ló jẹ́ ká tún ara wa wò.

Bó ṣe ń rí ní Libreville náà nìyẹn dòní. Ará Kétu tó ti Benin wá àti ará Ìbàdàn tó ti Nàìjíríà wá lè má pàdé láé ká ní ilé ni wọ́n jókòó sí. Faransé ni ọ̀kan fi kàwé, Gẹ̀ẹ́sì ni èkejì fi kàwé. Àmọ́ tí ọ̀kan bá gbọ́ "ẹ kú ọjà o" lẹ́nu èkejì láàárín èrò, ó máa dúró. Wọ́n á bi ara wọn pé, "Ilé ibo?" Kí ọjọ́ tó lọ, wọ́n ti di ẹ̀gbọ́n àti àbúrò.

Ọmọ Ta Ni Ọmọ Yìí?

Èdè tó wà ní Gabon tó nǹkan bí ogójì. Àwùjọ kọ̀ọ̀kan ló ní bó ṣe ń ṣírò ẹni tí ọmọ jẹ́. Láàárín àwọn Fang, tí wọ́n pọ̀ jù, ilé bàbá ló lọmọ. Tí Fang méjì tí kò mọra rí bá pàdé, wọ́n á béèrè ìdílé ara wọn, torí pé ẹni tó bá jáde látinú ìdílé kan náà kò gbọ́dọ̀ fẹ́ra. Ó dà bí ìgbà tí àwọn bàbá wa máa ń fetí sí oríkì orílẹ̀ kí wọ́n tó jẹ́ kí ọmọ wọn fẹ́ ọmọ ẹlòmíì. Àmọ́ láàárín àwọn Punu, ní gúúsù Gabon, ilé ìyá ló lọmọ, ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò ìyá tó jẹ́ ọkùnrin sì lẹ́nu gan-an lórí ọ̀rọ̀ ọmọ náà.

Wọ́n wá jọ ń gbé ní Libreville, wọ́n sì ń fẹ́ ara wọn. Tí ọkùnrin Fang bá fẹ́ obìnrin Punu, tí wọ́n bá sì tẹ̀ lé ìṣirò àtijọ́, ilé méjèèjì ló máa sọ pé, "Tiwa lọmọ yìí." Tó bá wá jẹ́ ọkùnrin Punu ló fẹ́ obìnrin Fang ńkọ́? Lójú ilé bàbá, ọmọ ilé ìyá ni. Lójú ilé ìyá, ọmọ ilé bàbá ni. Lóòótọ́, ìfẹ́ òbí kì í wo ìṣirò, kò sì sí ìyá tó máa torí ẹ̀ gbé ọmọ ẹ̀ sọ nù. Síbẹ̀, ẹ wò ó bí ohun tá à ń pè ní ẹ̀jẹ̀ ṣe jẹ́ ìṣirò tí àwọn kan kọ́ wa. Ẹ̀jẹ̀ ọmọ méjèèjì dọ́gba: Fang lápá kan, Punu lápá kejì.

Àwa náà ńkọ́? A máa ń sọ pé ilé bàbá lọmọ ń jẹ́. Àmọ́ tá a bá fẹ́ sọ pé ẹnì kan sún mọ́ wa dénú, ohun tá a máa ń sọ ni pé, "Ọmọ ìyá mi ni." Ẹni tó jẹ́ pé bàbá nìkan ló pa wá pọ̀, "ọbàkan" là ń pè é, gbogbo wa la sì mọ̀ pé méjèèjì ò dọ́gba lẹ́nu. Àwùjọ wa ló fi èyí sí wa lọ́kàn kí ọgbọ́n tiwa tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Ọ̀rọ̀ èdè náà tún wà níbẹ̀. Torí pé bàbá àti ìyá kì í sábà gbọ́ èdè kan náà, Faransé ni ọ̀pọ̀ ìdílé ní Libreville fi ń bára wọn sọ̀rọ̀ nínú ilé. Àwọn ọmọ Yorùbá tó ń dàgbà níbẹ̀ náà ń gbọ́ ọ níléèwé, ní pápá bọ́ọ̀lù àti lórí tẹlifíṣọ̀n. Èdè kì í sì í dá wá. Ìwà ló máa ń gbé pọ̀n wá. Ọmọ tó ń fi Faransé bá ìyá ẹ̀ sọ̀rọ̀ máa ń sọ pé tu, ìyẹn "ìwọ." Kò rí ìyá ẹ̀ fín. Bí gbogbo ọmọ kíláàsì ẹ̀ ṣe ń bá ìyá tiwọn sọ̀rọ̀ nìyẹn. Àmọ́ tí wọ́n bá mú un wálé lọ́jọ́ ọdún, tó wá dúró gangan níwájú bàbá àgbà, tó ní, "Ìwọ, wá jẹun," ariwo á sọ. Àwọn kan á ní kò lẹ́kọ̀ọ́. Àwọn míì á ní ìyá ẹ̀ ò kọ́ ọ. Bẹ́ẹ̀, ọmọ náà lẹ́kọ̀ọ́ o. Ẹ̀kọ́ àwùjọ míì ló kọ́.

A ò sọ pé ká fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ohun tá à ń sọ ni pé ká mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ kó tó di pé à ń bínú. Ìwà tá à ń pè ní "àfojúdi" lè jẹ́ ọ̀wọ̀ lójú ẹni tó ń hù ú. Àwọn àgbà ti sọ ọ́ pé àgùntàn tó bá bá ajá rìn á jẹ ìgbẹ́. Àmọ́ ẹ̀yin òbí, ẹ rántí pé ọ̀pọ̀ ìgbà ló jẹ́ pé àwa fúnra wa la mú àgùntàn náà lọ sójú ọ̀nà tó ń gbà.

Nígbà Tí Eré Bọ́ọ̀lù Di Ogun

Gabon àti orílẹ̀-èdè Congo tí olú ìlú ẹ̀ jẹ́ Brazzaville, ọjọ́ méjì péré ló wà láàárín òmìnira wọn. August 15, 1960 ni Congo gbòmìnira, Gabon gba tiẹ̀ ní August 17. Kó tó dìgbà yẹn, abẹ́ àkóso Faransé kan náà ni wọ́n wà. Àwọn Téké wà lápá méjèèjì ààlà, àwọn Punu náà sì wà lápá méjèèjì.

Ní September 1962, àwọn orílẹ̀-èdè méjèèjì gbá bọ́ọ̀lù. Rògbòdìyàn tó tẹ̀ lé e kúrò ní ti pápá. Ní Libreville, wọ́n dojú kọ àwọn ará Congo. Ní Congo, wọ́n dojú kọ àwọn ará Gabon. Ẹ̀mí ṣòfò, wọ́n fọ́ ilé, wọ́n kó ọjà, wọ́n sì lé ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn kúrò níbi tí wọ́n ti ń jẹ, tí wọ́n ti ń mu. Orúkọ tó fa ìjà yẹn, "ọmọ Gabon" àti "ọmọ Congo," gẹ́gẹ́ bí orúkọ ọmọ orílẹ̀-èdè tó dá dúró, kò tíì ju ọmọ ọdún méjì lọ.

Báwo lèèyàn ṣe lè kórìíra ẹnì kejì torí orúkọ tí kò tíì gbó lára wọn? Ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Henri Tajfel fi ìwádìí dáhùn. Júù tí wọ́n bí ní Poland ni. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, àwọn Jámánì mú un mọ́ àwọn ọmọ ogun Faransé, ó sì bọ́ lọ́wọ́ ikú torí pé wọn ò mọ̀ pé ọmọ Poland ni. Nígbà tó padà délé, wọ́n ti pa ọ̀pọ̀ jù lọ àwọn mọ̀lẹ́bí ẹ̀. Ó mọ ohun tó túmọ̀ sí kí orúkọ àwùjọ kan máa pààyàn.

Ní ìlú Bristol, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Tajfel kó àwọn ọmọkùnrin 64 jọ, ọmọ ọdún 14 àti 15, tí wọ́n jọ ń lọ síléèwé kan náà. Ó fi àmì tótòtó hàn wọ́n lára ògiri, ó ní kí wọ́n fojú díwọ̀n iye tó jẹ́. Lẹ́yìn náà, ó sọ fún wọn pé ọ̀nà tí wọ́n gbà díwọ̀n ẹ̀ lòun fi pín wọn sí ẹgbẹ́ méjì. Irọ́ ni, ṣe ló kàn pín wọn bó ṣe wù ú. Ó wá ní kí kálukú pín owó díẹ̀ fún àwọn yòókù. Ẹnikẹ́ni ò lè fún ara ẹ̀, wọn ò sì mọ ẹni tí wọ́n ń fún, àfi ẹgbẹ́ tó wà. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ wọn ló fún àwọn ẹgbẹ́ tiwọn ní púpọ̀ sí i. Nínú ìwádìí tó tẹ̀ lé e, ó tiẹ̀ hàn pé wọ́n lè fara mọ́ ọn kí ẹgbẹ́ tiwọn gba owó tó kéré, tó bá ti jẹ́ pé ti ẹgbẹ́ kejì á kéré ju tiwọn lọ. Ọdún 1970 ni Tajfel kọ̀wé nípa ẹ̀. Tí àmì tótòtó bá lè ṣe èyí láàárín ọmọ kíláàsì kan náà, kí ni àsíá, orin orílẹ̀-èdè àti ìwé ìrìnnà kò ní lè ṣe?

Ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ àwọn ará ibòmíì nìyí. Ní January 1977, àwọn ọmọ ogun ahaya-gbowó kọ lu Cotonou. Ààrẹ Kérékou ti Benin ní ọwọ́ Gabon wà nínú ẹ̀. Ìjà àwọn olórí burú sí i, nígbà tó sì di July 1978, Ààrẹ Bongo pàṣẹ pé kí àwọn ará Benin jáde kúrò ní Gabon. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ló kó ẹrù: olùkọ́, oníṣẹ́ ọwọ́, ìyá ọlọ́jà. Kò sí èyí tó mọ nǹkan kan nípa ìbọn tó dún ní Cotonou nínú àwọn ìyá ọlọ́jà yẹn.

Àwa náà ti jẹ nínú ẹ̀, a sì ti fi fún ẹlòmíì jẹ. Ní November 1969, ìjọba Ghana fún àwọn àjèjì tí kò níwèé àṣẹ ní ọ̀sẹ̀ méjì péré. Àwọn Yorùbá tó ń ṣòwò níbẹ̀ pọ̀ gan-an, ìdílé rẹpẹtẹ ní Ògbómọ̀ṣọ́, Òfà àti Ìnísà sì ṣì ń sọ ìtàn bí àwọn òbí wọn ṣe fi ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀ sá wálé. Ní January 1983, Nàìjíríà náà ní kí àwọn àjèjì tí kò níwèé máa lọ, èyí tó pọ̀ jù nínú wọn sì jẹ́ ọmọ Ghana. Báàgì onílà tó wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì ọ̀pọ̀ wa, tá à ń pè ní Ghana-Must-Go, ìgbà yẹn ló ti gba orúkọ. Orúkọ tá a sọ báàgì yẹn, ìnira àwọn ẹlòmíì là ń fi ṣe ẹ̀fẹ̀.

Ọkọ̀ Kejì

Ọkọ̀ kan ló bẹ̀rẹ̀ ìtàn Libreville. Ọkọ̀ míì tún jẹ́ kí gbogbo ayé gbọ́ orúkọ ìlú náà lọ́dún 2001. Etireno ló ń jẹ́. Ó gbéra láti Cotonou, Libreville ló ń lọ. Wọ́n ò jẹ́ kó gúnlẹ̀ ní Libreville, wọ́n ò sì gbà á ní Douala. Ó padà sí Cotonou ní April 17. Àwọn ọmọdé wà nínú ẹ̀ tí wọ́n ń kó lọ ṣiṣẹ́ nílé onílé àti lọ́jà. Ìlú tí wọ́n tẹ̀ dó fún àwọn tó bọ́ lóko ẹrú ni wọ́n ń kó ọmọ lọ fi ṣẹrú.

Báwo ni irú ẹ̀ ṣe ń ṣẹlẹ̀? Kì í sábà jẹ́ pé wọ́n jí ọmọ gbé. Ẹni tó mọ ìdílé náà ló sábà máa ń wá: ará ìlú, ìbátan, "àǹtí" tó ti ṣe rere lájò. Á ní, "Ẹ fún mi lọ́mọ yìí, màá fi í síléèwé." Àwọn òbí á gbà, torí pé àṣà wa kọ́ wa pé ẹnì kan ní ń bímọ, igba èèyàn ní ń wò ó. Àwọn Fọn ní Benin ní orúkọ fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀: vidomègon, ọmọ tí wọ́n fi sọ́dọ̀ ẹnì kan. Àṣà tó dáa ni níbẹ̀rẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn àgbà wa tó kàwé, ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n bàbá tàbí àbúrò ìyá ni wọ́n ti kà á. Ohun tó wá bà á jẹ́ ni pé orúkọ ẹbí ṣì wà níbẹ̀, àmọ́ ojú igba èèyàn tó yẹ kó máa wo ọmọ náà kò sí níbẹ̀ mọ́. Omi òkun ti wà láàárín. Ọmọ náà ń kiri ọjà títí ilẹ̀ fi ṣú, kò sẹ́ni tó máa bi "àǹtí" pé iléèwé dà.

Nàìjíríà ṣòfin lòdì sí fífi èèyàn ṣòwò lọ́dún 2003, Gabon sì ṣe tiẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ àwọn ọmọdé lọ́dún 2004. Àmọ́ òfin kì í jókòó sí pálọ̀ nígbà tí àǹtí bá wá gba ọmọ. Àwa la máa ń jókòó síbẹ̀. Ohun tí "àwa" ń ṣe níbẹ̀ lágbára gan-an: ó máa ń jẹ́ kó nira fún wa láti béèrè ìbéèrè. Tí àjèjì bá ní ká fún òun lọ́mọ, a máa lé e jáde. Tó bá jẹ́ ẹni tiwa ni, ojú á máa tì wá láti béèrè àdírẹ́sì. Ìfọkàntán tó ń gbé ìdílé ró lè dí wa lójú.

Kí La Lè Ṣe Nínú Ilé Tiwa?

Kò sẹ́ni tó lè gbé láìní àwọn tó máa pè ní "àwa." Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Nílé lóko, ẹgbẹ́ ọmọ ìlú ló ń sin òkú ẹni tó kú sájò, àwọn tó ń dá àjọ ló ń jẹ́ kí oníṣòwò kékeré rówó ra ọjà. Ohun tó kù ni pé ká mọ ohun tí "àwa" wa ń kọ́ àwọn ọmọ. Ohun mẹ́rin wà tá a lè ṣe.

Ká sọ ìdí ẹ̀ fún ọmọ. Tá a bá ní kí ọmọ kúnlẹ̀, ká sọ fún un pé ọ̀nà tí a gbà ń sọ pé "mo rí i yín, mo sì mọ̀ pé ẹ ṣáájú mi" nìyẹn. Ọmọ tó mọ ìtumọ̀ máa kúnlẹ̀ ní Ìbàdàn, ó sì máa mọ bó ṣe yẹ kó kí olùkọ́ ẹ̀ ní Libreville. Ẹ bá a sọ Yorùbá lójoojúmọ́, bó tiẹ̀ jẹ́ pé Faransé ló ń fi dáhùn. Ẹ ki oríkì ẹ̀ fún un láàárọ̀. Ẹ tún jẹ́ kó mọ̀ pé gbígbọ́ Faransé kò sọ ọ́ di ẹlòmíì. Èdè méjì kì í jà nínú ẹnu kan.

Ká ṣọ́ ohun tá à ń sọ nídìí oúnjẹ. "Ọ̀lẹ làwọn ará ibí." "Má bá àwọn ọmọ yẹn rìn." "Àwọn ìyẹn ò mọ nǹkan kan." Tá a bá padà síta, a máa rẹ́rìn-ín sí aládùúgbò. Àmọ́ etí ọmọ wà nílé. Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ilé náà la ti ń kó ẹ̀gàn ròde. Ẹni tó bá rántí 1969 àti 1978 mọ̀ pé irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ gan-an ni àwọn kan ń sọ nípa tiwa nídìí oúnjẹ tiwọn.

Ká bi "ẹni wa" ní ìbéèrè tá a máa bi àjèjì. Tí ẹnì kan bá fẹ́ mú ọmọ lọ sájò, iléèwé wo? Ta ló máa máa bá a sọ̀rọ̀ lórí fóònù, tí ẹlòmíì ò ní máa gbọ́? Ọjọ́ wo ló máa wálé? Ta ni ará ìlú míì tó wà níbẹ̀ tó lè lọ yọjú sí i? Ẹni tó fẹ́ràn wa kò ní bínú. Ẹni tó bá bínú ti dá wa lóhùn. Bákan náà ni ọ̀rọ̀ ìnáwó ẹgbẹ́. Aṣọ ẹbí dùn mọ́ni lára, àmọ́ tó bá jẹ́ pé owó iléèwé ọmọ la fi rà á torí kí wọ́n má bàa sọ pé a ò bá ẹgbẹ́ pé, ẹgbẹ́ ti kúrò ní alátìlẹyìn.

Ká jẹ́ kí àwọn ọmọ bá àwọn tí kì í ṣe tiwa ṣe nǹkan pọ̀. Lọ́dún 1954, Muzafer Sherif kó àwọn ọmọkùnrin 22, tí ọ̀pọ̀ wọn jẹ́ ọmọ ọdún 11, lọ sí ibùdó kan ní Oklahoma, lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà. Wọ́n pín wọn sí ẹgbẹ́ méjì, wọ́n sì ní kí wọ́n máa figagbága. Kò pẹ́ tí wọ́n fi ń dáná sun àsíá ara wọn. Wọ́n mú wọn jẹun pọ̀, wọ́n jọ wo fíìmù, síbẹ̀ ìjà ò tán. Wọ́n ń sọ oúnjẹ lu ara wọn ni. Nígbà tí omi ibùdó náà wá dá, tí ọkọ̀ tó yẹ kó lọ gbé oúnjẹ wá kò ṣíṣẹ́, tó di dandan kí gbogbo wọn jọ fà á, ìgbà yẹn ni ìjà bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀. Kò tó ká kàn máa jókòó síbì kan náà. Iṣẹ́ tí àpá ẹnì kan ò ká ló ń sọ "àwọn" di "àwa." Nínú ọgbà tá à ń gbé, ó lè jẹ́ gọ́tà tó dí, ẹ̀rọ omi tó bà jẹ́, tàbí ọmọ aládùúgbò tó fẹ́ ṣèdánwò. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ yín wà níbẹ̀.

Ọ̀nà míì tiẹ̀ tún wà tó rọrùn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Lọ́jọ́ kan, ẹ ra odika lọ́jà. Ẹ ní kí ìyá tó tà á ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń sè é, kẹ́ ẹ sì sọ bí tiwa ṣe rí fún òun náà. Ẹ se ìkòkò méjì, ti wọn àti tiwa, kẹ́ ẹ pe àwọn aládùúgbò. Ẹ wá fi kóró òro kan han àwọn ọmọ, kẹ́ ẹ bi wọ́n pé, "Ta ló ni èyí?" Ìdáhùn tí wọ́n bá fún yín máa jẹ́ kẹ́ ẹ mọ irú "àwa" tẹ́ ẹ̀ ń kọ́ nínú ilé yín.